Nígbà Tí Orin Bá Sọ Ọkọ̀ Di Ọkọ

Orin tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ níbí. Kò ju ìlà mẹ́rin lọ, àwọn ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún ni mo kọ ọ́ fún, ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni "Bàbá mi lọ́kọ̀." Nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ wa, iṣẹ́ àwọn àgbà òǹkọ̀wé ni a máa ń yẹ̀ wò. N kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọ́ àwo ló yẹ kó gbá àfọ́kù rẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, SS 2 ni mo wà, Ìkòtún ni a ń gbé. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, ní aago mẹ́wàá, a máa ń ṣe kíláàsì orin nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní àdúgbò wa, kò jìnnà sí ọjà. Òbí á mú ọmọ rẹ̀ wá. Wákàtí kan ni a fi ń kọrin, tí a ń pàtẹ́wọ́, tí a ń mi agolo mílíìkì tí a da ìrẹsì díẹ̀ sínú rẹ̀. Obìnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ orin ló dá a sílẹ̀. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti tó ọdún kan àbọ̀ tí mo ti ń ràn án lọ́wọ́. Àǹtí á tẹ kíbọ́ọ̀dù, èmi á dúró níwájú àwọn ọmọ, n ó lé orin, wọn á gbè é. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá dá Àǹtí dúró ní Ìyànà-Ìpájà, tàbí tí ara rẹ̀ kò bá yá, èmi nìkan ni mo máa ń darí.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo gbé orin mi jáde. Mo ti yá ohùn rẹ̀ lára orin ọmọdé Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò sí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan ni mo rọ sínú rẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣe nǹkan ńlá. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀. Mo lé e, wọ́n gbè é, ohùn wọn dùn. Nígbà tí a kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ẹ̀rín láti ẹ̀yìn. Ìyá àgbà kan tó máa ń mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá ló ń rẹ́rìn-ín, ó fi etí ìró bo ẹnu.

"Ẹ gbà mí o," ó ní, "bàbá ta ló lọ́kọ?"

Àwọn òbí yòókù bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, torí pé àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé orin tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá tètè yé. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni olùkọ́ Yorùbá ti ń kọ́ wa pé ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní: ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ohùn àárín ni re, ohùn òkè ni mí. Bí a bá pe "lọ́kọ̀", mí-dò ni. Bí a bá pe "lọ́kọ", mí-re ni. Ẹni tó lọ́kọ̀ ní mọ́tò. Ẹni tó lọ́kọ ti wà nílé ọkọ. Orin Gẹ̀ẹ́sì tí mo yá ohùn rẹ̀ yìí, orí mí àti re gan-an, àwọn tí à ń tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, ni ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ parí sí. Ohùn náà kò purọ́ rárá. Ó sọ fún gbogbo Ìkòtún pé bàbá mi wà nílé ọkọ.

Olùkọ́ orin lè sọ pé dò re mí ti kíláàsì Yorùbá kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti dùrù, pé kò sí ẹni tó ń wọn àlàfo tó wà láàárín ohùn kan sí èkejì nígbà tó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ dò re mí nínú kíláàsì Yorùbá, tí mo tún ń gbọ́ ọ nínú kíláàsì orin, n kò sì bi ara mi léèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé àwọn méjèèjì mọra wọn.

Nígbà tí mo délé, mo mú ìwé tí a kọ gbogbo orin kíláàsì wa sí. Orin mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀. Mo fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ àwọn tó jẹ́ Yorùbá, mo sì kọ ohùn orin sábẹ́ wọn, iṣẹ́ alẹ́ mẹ́ta gbáko. Mọ́kànlá nínú wọn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. N kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú wọn, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè olóhùn bíi tiwa. Bí orin bá gbé ọ̀rọ̀ wọn sókè tàbí tí ó gbé e wálẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Mẹ́rin péré ni orin ìbílẹ̀ tí àwọn òbí wa bá láyé. Mẹ́sàn-án tó ṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a wọ̀ ní ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà.

Ẹ wo orin ìfọwọ́ wa, èyí tí a máa ń kọ kí àwọn ọmọ tó jẹ bisikíìtì. Ó yẹ kó sọ pé kí ọmọ fọwọ́ rẹ̀. Ibi tí "fọwọ́" bọ́ sí ni ohùn orin já wálẹ̀, ó di "fọwọ̀". Ìgbálẹ̀ ni ọwọ̀. Ó ti lé ní ọdún kan tí a ti ń fi ẹ̀rín músẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n fọ ìgbálẹ̀ kí wọ́n tó jẹun. Orin ìlù wa tilẹ̀ burú jù ú lọ. "Ìlù ń dún" ni èmi rò pé à ń kọ. Ohùn orin gbé ìparí "ìlù" sókè, ó tẹ "dún" mọ́lẹ̀, ohun tó jáde ni "ìlú ń dùn". Mo ní ó burú jù nítorí pé ó nítumọ̀. Kò sí ìyá àgbà tó máa rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ á di agolo rẹ̀ mú, á máa mì ín, á máa kéde pé ìlú dùn, kò sì ní mọ̀ láé pé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni à ń sọ.

Ẹnì kan lè ní, ọmọdé ni wọ́n, kí ló kan ọmọ ọdún mẹ́ta nínú ohùn? Ọmọ ọdún mẹ́ta gan-an ló kàn. Èmi ti mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ kí n tó mọ orin. Bí orin bá pè é lódì, etí mi á tún un ṣe. Ọmọ kékeré kò tíì ní etí tí yóò fi tún un ṣe. Ohun tó bá gbọ́ ni yóò gbé lọ. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, wà nínú kíláàsì náà. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá màmá wa lóhùn. Yorùbá tó ń gbọ́ lójúmọ́ kò pọ̀, torí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níléèwé rẹ̀, màmá wa kì í sì í tètè dé láti ibi iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí mo gbé orin mi jáde, a dúró lẹ́bàá títì, ó nawọ́ sí dáńfó kan, ó ní, "Ọkọ!" Mo ní, "Ọkọ̀ ni." Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Ó ṣe tán, èmi ni mo kọ́ ọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni n kò fi bẹ́ẹ̀ sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ohùn nìkan kọ́ ni mo ń wí. Ìbéèrè tó kàn ni pé kí ló dé tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀? Àgbà tó ń wá sí kíláàsì wa lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í dín ní mẹ́wàá. Púpọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá jù mí lọ. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni à ń fi wọ́n sí. Páálí kan wà lára ògiri níbẹ̀ tí a kọ ọ́ sí pé: Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ ọ́, mo tún fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ "ẹ dákẹ́". Mo nídìí rẹ̀ o: àwọn kan máa ń gba ìpè lórí fóònù, àwọn ìyá méjì kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dúnàádúrà aṣọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pa wọ́n lẹ́nu mọ́, àwọn tó mọ̀ pé orin náà ti yẹ̀ ni a pa lẹ́nu mọ́. Ìyá àgbà yẹn pàápàá, lẹ́yìn kíláàsì, ó wá bá mi, ó ní kí n má bínú, òun kò mọ̀ọ́mọ̀ dí mi lọ́wọ́. Àgbà ń bẹ ọmọdé! Mo kúnlẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè sọ.

Nǹkan mìíràn wà tí ó tún dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí èmi wà ní kékeré, màmá mi máa ń kọrin fún mi bó bá ń fọṣọ tàbí bó bá ń dì mí lórí. Ó ti pẹ́ tí n kò gbọ́ kí ó kọrin fún àbúrò mi. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin ń kọ́ ọ ní Sátidé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n." Kíláàsì tí a dá sílẹ̀ kí òbí àti ọmọ lè jọ máa kọrin ló gba orin lẹ́nu màmá mi.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá olùkọ́ Yorùbá wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àṣìṣe mi ti dàgbà jù mí lọ. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, wọ́n túmọ̀ àwọn orin ìjọsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ lókè òkun sílẹ̀ bó ti wà. Ọ̀rọ̀ ń lọ sókè, orin ń lọ sísàlẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nínú ìjọ ló kọ́kọ́ dìde sí i. Ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, ń fi ohùn orin ilẹ̀ wa kọ orin ìjọsìn, débi pé ní 1922 ó gba orin púpọ̀ sílẹ̀ nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Èkó níbí, Thomas King Ekundayo Phillips, tó di atẹdùrù àgbà ní Kàtídírà Church of Christ ní Marina ní 1914, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé tí ó kọ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Ohun tí ó tẹnu mọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àti orin wa kò ṣeé yà nípa, inú ohùn ọ̀rọ̀ ni ohùn orin ti ń jáde. Lábẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kọrin ní kékeré nínú ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà yẹn, kí òun náà tó di olórin tí ayé mọ̀.

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí ìwé náà ti jáde, èmi sì wà ní Ìkòtún, mò ń fọ́ ohun tí àwọn baba wọ̀nyí tún ṣe. N kò gbọ́ orúkọ Phillips rí títí di ọjọ́ yẹn. Kí a fún wa ní iṣẹ́ kan péré lórí rẹ̀ ní JSS, bóyá n kì bá tí kọ orin yẹn.

Mo lọ sọ ìtàn yìí fún Ìyá Àgbà. Mo rò pé yóò yìn mí. Ó fajú ro. Ó ní àwọn orin ìjọsìn tí mo ń pè ní àṣìṣe yìí ni ìyá òun fi tọ́ òun, òun kò ní gbà kí ọmọdé kan bú u. Ó kọ ọ̀kan fún mi lójú ẹsẹ̀. Ohùn yẹ̀, mo gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n omi lé ròrò sí mi lójú. Nítorí náà mo ní láti tún inú rò. Ohun tí mo rí nìyí: Ìyá Àgbà ní ìwé orin. Ó ti ka ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti gbọ́ ìwàásù lé e lórí, ó ti fi gbàdúrà. Bí ohùn bá tilẹ̀ yẹ̀, ìtumọ̀ kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní ìwé kankan. Etí nìkan ló ní. Orin tó tó fún Ìyá Àgbà kò tó fún àbúrò mi.

Àwa nìkan kọ́ ló ti ṣe irú ìjà yìí. Ní orílẹ̀-èdè Họ́ngárì, olórin kan wà tó ń jẹ́ Zoltán Kodály, tí a bí ní 1882. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Béla Bartók máa ń lọ láti abúlé dé abúlé láti gba orin àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀. Èdè wọn kì í ṣe olóhùn, ṣùgbọ́n orí sílébù àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, orin àwọn ará Jámánì tó gbòde nígbà náà kò sì bá a mu. Kodály ní orin èdè abínibí ọmọ ni kí ọmọ kọ́kọ́ kọ. Ní 1950, a dá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí orin jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sílẹ̀ ní Kecskemét, ìlú tí wọ́n ti bí i, ọ̀nà rẹ̀ sì ti tàn ká ayé. Dò re mí náà ni ó fi ń kọ́ wọn o! Àǹtí kọ́ nípa Kodály nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, kíláàsì wa tilẹ̀ ń lo àmì ọwọ́ tí ọ̀nà Kodály ń lò fún dò re mí. Ọwọ́ ni a mú lára rẹ̀, a fi orí sílẹ̀.

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ̀ pé orin àti ohùn ọ̀rọ̀ lè bára gbé láìsí ìjà, kí ó má lọ sí Họ́ngárì. Kí ó dúró ní Ìyànà-Ìpájà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kọ̀ńdọ́ á rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dáńfó, á máa pe Ẹ̀gbẹ̀dá, Ìdímù, Ìkòtún, Ìgàndó. Á fa ọ̀rọ̀ náà gùn, á gé e kúrú, á fi dárà, ó kù díẹ̀ kí ènìyàn jó sí i. Síbẹ̀ ohùn òkè wà lókè, tìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò sí èrò tí orin kọ̀ńdọ́ ṣì lọ́nà rí. Onílù náà kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á fún ọsán ìyáàlù rẹ̀ kí ohùn gòkè, á dẹ̀ ẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀, ẹni tí wọ́n ń kì á sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì. Nínú ìdílé àwọn Àyàn, ẹ̀gbẹ́ bàbá ni ọmọ ti ń kọ́ ọ. Wọn kì í sọ fún bàbá pé kó lọ jókòó sẹ́yìn.

Àǹtí fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo àròyé mi. Kò bínú, ó kàn ní, "Ó dáa, tún un ṣe ká rí i." Páálí ni mo kọ́kọ́ já. A wá yí bẹ́ǹṣì po, kí òbí àti ọmọ lè jókòó pọ̀ lórí ẹní ní àárín. Ní báyìí, a kì í bẹ̀rẹ̀ orin Yorùbá pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù mọ́. A ó ní kí òbí kan sọ gbólóhùn náà bó ṣe máa ń sọ ọ́ nílé, ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Èmi á wá pa ẹnu dé, n ó fi imú kùn ún, láìsí ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ á máa méfò ohun tí mo ń sọ. Wọ́n fẹ́ràn apá yìí ju bisikíìtì lọ. Lẹ́yìn náà la ó pàtẹ́wọ́ sí i, orin á sì ti jáde fúnra rẹ̀. Orin mi tó dójú tì mí, bí a ti tún un ṣe nìyí: dò-mí-re-mí-dò. Ẹ fi ẹnu yín kùn ún wò. Bàbá mi lọ́kọ̀. Ìtẹ̀ márùn-ún péré, mo sì rò pé ó dùn ju èyí tí mo yá lọ.

N kò sọ pé kí orin di ẹrú ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà olórin wa máa ń na ohùn, wọ́n máa ń lọ́ ọ, àkànlò dùrù àti gìtá kò sì ba jùjú jẹ́. Ẹni tó ti mọ ohùn lè fi ohùn ṣeré. Ọmọ ọdún méjì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní tààrà.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn. Bàbá kan dìde ní Sátidé kejì, ó ní owó tí òun ń san kì í ṣe torí àlọ́, pé bí ọmọ òun bá fẹ́ wọ nọ́sìrì tó dára, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi bi í léèrè ọ̀rọ̀. N kò lè dá a lẹ́bi, bó ṣe rí nìyẹn. Mo sọ fún un pé orin Gẹ̀ẹ́sì mọ́kànlá náà wà síbẹ̀, a kò yọ ọ̀kan. Mo sọ nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, pé láti 1970 ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí a kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, tí àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Ó gbọ́, ó mi orí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé, a kò rí òun àti ọmọ rẹ̀. Ọmọ yẹn ló mọ agolo mì jù nínú gbogbo wọn.

Ìbéèrè kejì wá láti ẹnu ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Ígbò. Ó ní, àwa tí a kì í ṣe Yorùbá ńkọ́? Ìbéèrè tó yẹ ni. Nínú ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ti 2006, ènìyàn 1,277,714 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sí ẹ̀yà tí a kò lè bá pàdé níbí. Kí n tó dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní èdè tòun náà ní ohùn: ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń kọ ní "akwa", bí ohùn rẹ̀ bá ti yí, ó lè jẹ́ ẹkún, ó lè jẹ́ aṣọ, ó lè jẹ́ ẹyin, ó lè jẹ́ ibùsùn. Ó pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wa sì pè é tẹ̀ lé e. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mú orin kan tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún wá. Òun ló lé e, àwa gbè é. Èmi ni mo jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ náà.

Orin ònkà ló kù tó ń dà wá láàmú. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án ni, ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń kọ ọ́ ti ba gbogbo òǹkà jẹ́ láti orí ení dé orí ẹ̀wá, n kò sì rí ohùn tí mo lè fi dípò rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí olùkọ́ ìṣirò wa kò tíì wọlé, mo kọ òǹkà sẹ́yìn ìwé mi, mo fi ohùn sábẹ́ rẹ̀. Ení jẹ́ re-mí. Èjì, dò-dò. Ẹ̀ta, dò-re. Ẹ̀rin, dò-re. Àrún, dò-mí. Mo ń bá a lọ. Ẹ̀fà, dò-dò. Èje, dò-re. Ẹ̀jọ, dò-re. Ẹ̀sán, dò-mí. Mo dá báírò dúró. Láti èjì dé àrún, láti ẹ̀fà dé ẹ̀sán, ohùn kan náà ni, ó tún ara rẹ̀ kọ láìyẹ̀, bí ìgbà tí ẹlẹ́gbè ń dá ẹni tó ń lé orin lóhùn, ẹ̀wá wá fi dò-mí kan sí i láti fi kádìí rẹ̀.

Mo sáré lọ sílé Ìyá Àgbà bí a ti jáde níléèwé. Ó ń to tòmátì sórí àtẹ. Mo kùn ún fún un láìsí ọ̀rọ̀. Kí n tó dé ẹ̀rin, ó ti gbà á lẹ́nu mi, ó ń fi tòmátì ka òǹkà lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ẹ̀wá.

"Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?" ló bi mí.